Ta Ló Ń Bá Ni Rin Ìrìn Òru? Ògúndá Méjì àti Àìsàn Tó Ń Dá Èémí Dúró Lójú Oorun



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí ní ìbéèrè láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Tí babaláwo fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ṣé kì í ṣe pé Ifá rẹ̀ kò jẹ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé àìsàn méjì ni mò ń gbé kiri báyìí. Èkíní ti pé ọdún 9 lára mi. Èkejì, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Nítorí náà, ara mi ni n ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ tòní. Odù tí a ó sì gbé yẹ̀ wò ni Ògúndá Méjì, torí òun ló jáde nígbà tí mo lọ bèèrè.

Ohun tí Ògúndá Méjì wí

Nínú ètò tí wọ́n fi kọ́ mi, Ògúndá Méjì ni ìkẹsàn-án nínú ojú odù mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ rẹ̀ lókìkí gan-an, ọ̀pọ̀ yín á ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń bọ orí. N kò ní kọ ọ́ síbí bí a ṣe ń kì í, torí ẹnu Olúwo yín ló yẹ kí ẹ ti gbà á. Ìtàn inú rẹ̀ ni n ó sọ.

Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà léèrè pé ta ni nínú wọn tó lè bá ẹni tó ń sìn ín lọ sí ìrìn àjò tó jìn, tó ré kọjá òkun, láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n bi í pé tó bá rìn títí, tó dé Kòso ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n fi orógbó àti àkùkọ lé e ńkọ́? Ṣàngó ní bí òun bá ti yó tán, òun á padà sílé òun. Wọ́n ní kì í ṣe òun. Ọya dìde, wọ́n dárúkọ Irá fún un. Ògún dìde, wọ́n dárúkọ Ìrè fún un, wọ́n fi ẹ̀wà àti ajá kún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ló sì ní ìlú tó ti máa dúró jẹun. Kódà nígbà tó kan Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, òun náà ní ibi tó ti máa yà. Níkẹyìn, Orí nìkan ni wọ́n rí tó lè bá olórí rẹ̀ lọ dé òpin. Ẹsẹ náà wá fi ikú ṣe ẹ̀rí. Bí babaláwo bá kú, wọ́n lè kó ikin rẹ̀ dànù. Bí oníṣàngó bá kú, wọ́n lè kó ohun èlò Ṣàngó rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n wọn kì í gé orí èèyàn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kì í. Ohun tí mi ò rò rí ni pé alaalẹ́ ni èèyàn ń rin irú ìrìn àjò yẹn. Tí a bá ti sùn, ìyàwó tó sùn tì wá kò lè bá wa dé ibi tí a lọ. Ọmọ kò lè bá wa débẹ̀. Oorun kì í ṣe ikú, ṣùgbọ́n ilé wọn kò jìnnà síra. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àìsàn èkíní. Ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà tí wọ́n rí i. Mo gbà fún oògùn, mo dín iyọ̀ kù, mo ń rìn láràárọ̀. Nígbà tó yá, hóró kan di méjì, méjì di mẹ́ta, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀. Lónìí 160 lórí 100, lọ́la 158 lórí 98. Wọ́n ń bi mí nílé ìwòsàn bóyá mò ń lo oògùn náà lóòótọ́. Inú bí mi, torí pé mò ń lò ó.

Lẹ́yìn náà ni oorun ọ̀sán bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan jókòó níwájú mi, ó ti sọ ẹdùn ọkàn rẹ̀ fún Ifá, mo sì ti tẹ odù sórí ọpọ́n. Mò ń kì í lọ, oorun gbé mi lọ láàárín ẹsẹ. Nígbà tí mo lajú, obìnrin náà ń wò mí, mi ò sì mọ ibi tí mo bá a dé. Ojú tì mí kọjá ohun tí mo lè sọ. Babaláwo tí ẹsẹ bá ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, kí ló kù fún un? Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan. Ìró táyà lórí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ló jí mi. Díẹ̀ ló kù.

Lóru ńkọ́? Mo máa ń ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, tí àyà mi á máa lù kìkì. Mo máa ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ mi, ẹnu mi á gbẹ, á sì dà bí ẹni pé mi ò sùn rárá.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n ń fún òun lọ́rùn lójú oorun, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó ti lọ rí dókítà. Wọ́n á ní ayé ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ta ló wá gbé ilé rẹ láti ọdún méjì yìí?" Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ń bá wí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yàrá rẹ̀ sì fara ti yàrá mi.

N kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà pè mí síbi tó ti ń gbálẹ̀. Ó ní, "Àkànní, èémí rẹ ń dá lóru. Mò ń gbọ́ ọ lára ògiri. Ìwọ á máa hanrun, á wá dákẹ́ fẹ́ẹ́, èmi náà á sì dúró, n ò ní lè sùn títí o ó fi tún mí."

Ẹ̀yin ọmọ Awo, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo rò ni pé, báwo ni ìyá yìí ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi lóru? Láti ọjọ́ náà mi ò jẹ oúnjẹ tó bá sè mọ́. Bó bá kí mi, mo máa ń dáhùn bí ẹni tó ń kánjú. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Olúwo mi bi mí

Bí abẹ́ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo lọ bá Olúwo mi. Mo rò pé wọ́n á dárúkọ ọ̀tá kan fún mi. Ògúndá Méjì ló hù lójú ọpọ́n. Wọ́n di ìbò fún mi, Ifá ní ọ̀rọ̀ àrùn ni. Wọ́n tún bèèrè bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, Ifá ní rárá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un bi. Ìdáhùn kan náà ló jáde.

Wọ́n ní kí n rúbọ, kí n sì fi obì, omi tútù àti ẹyẹ etù bọ orí mi. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Awo, ta ló ti wo inú ọ̀fun rẹ?" Mo kọ́kọ́ rò pé odù mìíràn ni wọ́n fẹ́ kì. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Kì í ṣe Ọ̀fún Méjì ni mò ń sọ o. Ọ̀fun tí o fi ń gbé òkèlè mì ni." Wọ́n ní oníbàárà wọn kan ní irú rẹ̀ rí, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì rán an lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ nígbà tí mo sùn. Ó fi jí mi ní ìdájí. Ìhanrun, ìhanrun, ó wá dákẹ́. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá: ó lé ní ọgbọ̀n. Mo wá gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń jà kí n lè mí, bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Ìyá Àgbà ò parọ́. Gbogbo ohun tó sọ pátá ló wà lórí fóònù náà.

Àìsàn náà fúnra rẹ̀

Ilé ìwòsàn fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan kí n gbé e relé sùn. Wọ́n fi ohun kan há mi ní ìka, wọ́n di bẹ́líìtì mọ́ mi láyà, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí mi nímú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dókítà obìnrin kan tó kéré sí mi dáadáa sọ orúkọ rẹ̀ fún mi: sleep apnea.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ yé mi. Bí èèyàn bá sùn, iṣan ara máa ń dẹ̀, ti ọ̀fun náà á sì dẹ̀. Fún àwa kan, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun á bọ́ sẹ́yìn, wọn á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Àyà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta gìrì, á jí ara díẹ̀ kí ọ̀nà lè ṣí, èèyàn á mí pẹ̀lú ariwo, á tún sùn lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní rántí ní àárọ̀. Bí èémí bá dá tàbí tó bá dín kù gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, wọ́n á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n á wá wo iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan. Bí kò bá tó 5, kò sí wàhálà. Láti 5 dé 14, ó kéré. Láti 15 dé 29, ó wà láàárín. Bó bá ti di 30 sókè, ó le. Tèmi jẹ́ 41.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà mi ò lè gbọ́ orúkọ kan kí n má bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun, orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1836 sí 1837, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì náà, Charles Dickens, kọ ìwé The Pickwick Papers, ọmọkùnrin sísanra kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń sùn níbikíbi, tó máa ń hanrun níbi iṣẹ́. Ní 1956, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà mú orúkọ inú ìwé náà, wọ́n fi pe àìsàn ọkùnrin kan tí oorun gbé lọ nídìí káàdì tó ń ta, nígbà tí káàdì tó lè fi borí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ọpọ́n Ifá mi ni mo rántí. Ní 1965 ni àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Jámánì wọn èémí àwọn tó ń sùn, wọ́n sì rí i pé ó ń dá. Ní 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní Australia, tẹ ìròyìn ẹ̀rọ kan jáde tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú wọlé kí ọ̀fun má baà pa dé. Irú ẹ̀rọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní CPAP, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi lónìí.

Ẹ wò ó, ṣáájú kí ohun kan tó ní orúkọ, orúkọ mìíràn ni a máa ń fún un. Níbòmíràn wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Nílé tiwa, a pè é ní ọwọ́ ayé.

Bó ṣe so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru

Ibí yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Lóru, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ èèyàn wálẹ̀ kí ọkàn lè sinmi. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń dá, tí ara ń pariwo pé mo ń kú, ẹ̀jẹ̀ á máa ru sókè ní gbogbo ìgbà náà. Ìgbà 41 ní wákàtí kan! Èmi ń gbé oògùn mì ní àárọ̀, ọ̀fun mi sì ń tú iṣẹ́ náà ká lóru. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ èèyàn kò bá gbọ́ràn sí oríṣi oògùn mẹ́ta, pẹ̀lú èyí tó ń múni tọ̀ nínú wọn, ọ̀kan nínú ohun tó yẹ kí wọ́n wá ni àìsàn yìí. Àti ìtọ̀ òru náà, ara iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo gbọ́, mi ò dúpẹ́ o. Ó dùn mí ni. Mo ní, èyí tó wà ńlẹ̀ ò tíì tán, òmíràn tún dé! Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ìwòsàn, mo sunkún. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń ka hóró oògùn. Wọ́n tún ní kí n máa fi ìbòmú sùn títí láé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló gbà mí kí n tó rí i pé kì í ṣe ẹrù kejì ni wọ́n gbé lé mi. Ẹrù náà ti wà lórí mi tipẹ́, wọ́n kàn fi ìdí tó fi wúwo hàn mí ni.

Ẹ̀rọ, ìbòmú àti ìtìjú

Owó ẹ̀rọ náà kì í ṣe kékeré. Mo kó owó àjọ mi láìtó àsìkò kí n tó lè rà á. Alẹ́ àkọ́kọ́, mi ò fi í pé wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ wọ̀ mí nínú, ẹnu mi gbẹ, mo fà á yọ. Alẹ́ kejì, bákan náà. Dókítà ní kí n máa dé e ní ọ̀sán nígbà tí mo bá jókòó, kí ojú mi lè mọ́ ọn. Mo wá ń dé e ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, tí mo sì ń gbọ́ ohùn Olúwo mi lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń kì odù fún mi. Ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin kékeré ti wọlé bá mi. Ó wo rọ́bà gígùn tó wà nímú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ti di erin!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bíi pé ìtìjú náà bá ẹ̀rín yẹn lọ.

Iná ńkọ́? Ẹ mọ orílẹ̀-èdè wa. Wọn kì í bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó mú iná lọ. Mo wá bátìrì àti inverter kékeré. Ẹ̀rọ náà kì í jẹ iná púpọ̀ bí èèyàn bá pa apá tó ń gbóná omi. Bí bátìrì bá tán, mo máa ń fẹ̀gbẹ́ sùn, n kì í fẹ̀yìn lélẹ̀, torí pé bí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ni ahọ́n máa ń bọ́ sẹ́yìn jù. Mò ń fọ ìbòmú náà láràárọ̀ bí mo ṣe ń nu ọpọ́n mi.

Nísinsìnyí, mi ò tòògbé nídìí ọpọ́n mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi wá sí 142 lórí 88 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Kò tíì dé ibi tí a fẹ́, mo sì ṣì ń lo oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ kò gba ipò oògùn, oògùn kò gba ipò ẹ̀rọ.

Orí, Ẹsẹ̀ àti ẹbọ

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ògúndá Méjì. Bó bá jẹ́ pé Orí nìkan ló ń báni rin ìrìn yẹn, kí ni iṣẹ́ dókítà? Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ?

Ifá ní ìtàn mìíràn tó dáhùn rẹ̀. Àwọn Orí pe ara wọn jọ láti gbìmọ̀, wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù ní kí wọ́n jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe máa mú ìmọ̀ràn náà ṣẹ. Ìpàdé náà tú ká pẹ̀lú ìjà. Ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó di àṣeyọrí. Orí ló ń yan ire, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn débẹ̀. Mo bọ orí mi, ó dára. Bí mi ò bá fi ẹsẹ̀ mi rìn dé ilé ìwòsàn, orí tí mo bọ ì bá máa wò mí ni.

Ẹbọ tí mo rú kò pin sídìí Èṣù. Owó àjọ tí mo fi ra ẹ̀rọ, mo kà á mọ́ ẹbọ. Oorun alẹ́ àkọ́kọ́ tí kò dùn, mo kà á mọ́ ẹbọ. Mo tún gba èèwọ̀ kan fún ara mi: n kì í mu ọtí lálẹ́ mọ́. Mò ń fi ọtí júbà, mò ń ta á sílẹ̀, n kì í gbé e mì, torí pé ọtí máa ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kejì tí mo rí nínú ẹsẹ náà rèé. Orí ń bá wa lọ, ṣùgbọ́n Orí kò ní ẹnu tó fi máa jí wa. Ẹnu ẹlòmíràn ló máa ń yá. Ní òru tí mi ò gbọ́ ara mi, ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn ògiri, ó ń ka èémí mi. Ó wá sọ fún mi. Èmi tí mo kàwé, tí mo sì kọ́ Ifá, mo sọ ìránṣẹ́ orí mi di ọ̀tá.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ti rò nípa wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó bá dàgbà láìní ọkọ mọ́, ó mọ ìgbà tí wọn ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́." Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n o ò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọdún méjì, ìyẹn ni kí o bẹ̀ mí sí." Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Bí ẹnì kan bá ń hanrun kíkan-kíkan nílé yín, tí èémí rẹ̀ ń dá, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, tí orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe ẹni tó sanra nìkan ló ń ṣe. Èmi kò sanra púpọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn mi nípọn, ó ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ìyẹn sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń wọ̀n. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ ara rẹ̀. Bí oorun bá ń kun ẹni náà lọ́sàn-án, kí ó má wakọ̀ títí yóò fi rí ìtọ́jú.

Ẹ̀yin oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Mo mọ ewé. Kò sí èyí tí mo mọ̀ tó lè di ọ̀nà ọ̀fun mú ní ṣíṣí láti ago 11 alẹ́ títí di ago 5 ìdájí. Ẹ má fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àgbo oorun. Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ: ó ń múni sùn, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ewé tó lágbára ni. Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀.

Ẹni tó ti ní àìsàn kan, tí wọ́n tún sọ èkejì fún, ẹ má fi oògùn èkíní sílẹ̀ nítorí ìbínú. Ẹ bi dókítà bóyá okùn kan náà ló so àwọn méjèèjì.

Àti pé kí ẹ tó dárúkọ arúgbó kan pé òun ló ń fún yín lọ́rùn lóru, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọ̀fun yín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bi mí léèrè, ìdáhùn rẹ rèé. Ifá mi jẹ́. Ó sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀tá, ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n tún un bi.

Orí wa ò ní sùn lé wa lórí. Ẹni tí ń ṣọ́ wa lóru, a ò ní ṣì í mú. Èémí wa ò ní dá láìtọ́jọ́. Àṣẹ.